Baltasar Kormákur: ṣé fíìmù Hollywood la ó fi dá a mọ̀ ni, àbí iṣẹ́ tó ń ṣe nílé rẹ̀ ní Iceland?

Àjàní_Sinimá

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan kọ ọ́ síbí pé Baltasar Kormákur tó darí Everest àti 2 Guns kò ju alágbàṣe lọ, pé ẹnikẹ́ni tí Hollywood bá gbé iṣẹ́ yẹn fún náà ló máa ṣe é báyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo iṣẹ́ ọkùnrin yìí, mo sì mọ̀ pé ariwo Hollywood ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa rí ibi tí agbára rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká jọ gbé e yẹ̀ wò.

Ọmọ Reykjavík ni, ọdún 1966 ni wọ́n bí i. Ọmọ ilẹ̀ Sípéènì ni bàbá rẹ̀, Baltasar Samper, ayàwòrán tó wá fi Iceland ṣe ilé. Ìyá rẹ̀, Kristjana, agbẹ́gilére ni. Iṣẹ́ òṣèré ló kọ́, ó jáde níléèwé lọ́dún 1990, ó sì bọ́ sí ilé ìtàgé ìjọba wọn, ó ń ṣeré, ó ń darí eré. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ti mojú rẹ̀ nínú fíìmù kó tó dé ẹ̀yìn kámẹ́rà: òun ló ṣe Baddi nínú Djöflaeyjan, tí Friðrik Þór Friðriksson darí lọ́dún 1996. Friðrik yìí kan náà ni fíìmù rẹ̀ Börn náttúrunnar gbé Iceland dé àṣekágbá Oscar.

Ọdún 2000 ni 101 Reykjavík jáde, òun ni àkọ́kọ́ tó darí. Ọkùnrin kan tó ti ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún ṣì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, owó tí ìjọba ń fún aláìníṣẹ́ ló ń jẹ, ọtí ló ń mu káàkiri. Lola, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ará Sípéènì, wá kí wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ìyá kò sí nílé, ọmọ bá Lola lò pọ̀. Ìyá dé, ó jókòó ti ọmọ, ó ní òun àti Lola ń fẹ́ra. Lola sì ti lóyún! Ẹ̀rín ni fíìmù náà ń pa èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n ìdánìkanwà tó wà nídìí ẹ̀rín yẹn kò ṣeé fojú fò.

Ẹ wo ọdún tí àwọn iṣẹ́ rẹ̀ jáde. 2012: Contraband ní Amẹ́ríkà, The Deep nílé. 2015: Everest ní Hollywood, Trapped lórí tẹlifíṣọ̀n Iceland. Kí 2016 tó parí, The Oath tún ti dé. Ẹni tí Hollywood bá gbà tán kì í padà sílé léraléra báyìí. Ní tèmi, iṣẹ́ ilé ni iṣẹ́ rẹ̀, owó àti ìmọ̀ tó fi ń ṣe é ló ń lọ kó wá láti òkèèrè.

Kámẹ́rà_Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n Àjàní, ẹ kú iṣẹ́. Mo fara mọ́ ìdajì ohun tí ẹ sọ. Ìdajì yòókù ni mo fẹ́ bá yín fà.

Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé odò kan ló wà láàárín iṣẹ́ méjèèjì. Contraband yẹn gan-an, ọmọ Iceland ni. Ní 2008, Óskar Jónasson darí fíìmù kan tó ń jẹ́ Reykjavík-Rotterdam, nípa atukọ̀ kan tó ti jáwọ́ nínú fàyàwọ́ tí ìṣòro tún tì padà sí i. Ta ni olú òṣèré rẹ̀? Baltasar fúnra rẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ló gbé ìtàn yẹn lọ sí Amẹ́ríkà, ó fi New Orleans àti Panama rọ́pò Reykjavík àti Rotterdam, ó fi ipò tí òun fúnra rẹ̀ ṣe lé Mark Wahlberg lọ́wọ́. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là ni wọ́n ná, ó sì pa bíi mílíọ̀nù 96 wọlé. Ilé ló ti gbé ọjà lọ, òun náà ló sì tà á.

Mọ́rẹ́nikẹ́

Háà! Mo ti wo Contraband o, mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti wá. Ṣé ti Iceland tó wà tẹ́lẹ̀ yẹn ṣeé rí wò, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n? Ṣé ó sì dára ju ti Wahlberg lọ?

Kámẹ́rà_Ìbàdàn

Àbúrò mi, ó dára jù ú lọ. Kò yára tó o, ṣùgbọ́n o máa mọ ìdí tí ọkùnrin yẹn fi padà sínú fàyàwọ́. Nínú ti Amẹ́ríkà, ìbọn ti gba ibi tí ìdí yẹn yẹ kó wà.

Àjàní_Sinimá

Kámẹ́rà, o ṣeun. Ohun tí mò ń sọ náà kọ́ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ tì lẹ́yìn yìí?

Adékẹ́mi_Peckham

Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Trapped, torí òun ló mú mi mọ ọkùnrin yìí. Oṣù Kejì ọdún 2016 ni BBC Four bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lálẹ́ Sátidé, apá méjì léra wọn. Èmi àti ọkọ mi kì í gbé fóònù bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀. Àkọlé ìsàlẹ̀ ni a fi ń ka gbogbo ọ̀rọ̀, síbẹ̀ ìyá ọkọ mi tí kò ríran kà á dáadáa náà kò dìde.

Ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń kó èrò láti Denmark dé èbúté Seyðisfjörður, ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn Iceland tí òkè yí ká. Lákòókò yẹn gan-an ni àwọn apẹja fa òkú kan jáde nínú òkun: kò lórí, kò lápá, kò lẹ́sẹ̀. Ọlọ́pàá ní kí èrò kankan má sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Reykjavík pé kí àwọn ọ̀gá wá. Ìjì yìnyín bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà orí òkè dí, ọkọ̀ òfuurufú kò lè balẹ̀. Ọlọ́pàá mẹ́ta péré ló kù: Andri, Hinrika àti Ásgeir. Apànìyàn wà láàárín ìlú, kò sẹ́ni tó lè jáde, kò sẹ́ni tó lè wọlé.

Andri yẹn ló gbà mí lọ́kàn. Ólafur Darri Ólafsson ló ṣe é, ọkùnrin fìrìgbọ̀n, onírùngbọ̀n, tí ara rẹ̀ kún inú ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ti fi í sílẹ̀, ilé àwọn àna rẹ̀ ló ṣì ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjì, ìyàwó náà sì tún mú ọkùnrin tuntun wá sínú ilé kan náà. Bó ṣe máa ń bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó rọra ń wo yàrá kó tó wọlé, bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun ṣì láṣẹ àtijókòó níbẹ̀, kò nílò ọ̀rọ̀ ẹnu rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe Baltasar nìkan ló darí rẹ̀. Òun ló dá a sílẹ̀, ó sì darí lára rẹ̀. Baldvin Z, Óskar Thór Axelsson àti Börkur Sigþórsson darí apá yòókù. Apá mẹ́wàá ni sáà kìíní. Ó gba ẹ̀bùn Prix Europa lọ́dún 2016.

Bàbá Ìbejì

Ẹ kú ìnáwó ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Kò sẹ́ni tó tíì dúró lórí The Deep. Òun ni mo wá sọ.

Ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1984, ọkọ̀ apẹja kan tó ń jẹ́ Hellisey dojú dé lóru nítòsí erékùṣù Heimaey, ní gúúsù Iceland. Èèyàn márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta gun ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ti dojú dé náà. Nígbà tó fẹ́ rì, wọ́n kó sínú omi láti lúwẹ̀ẹ́ lọ sílé. Kò pẹ́ tí ó fi ku ẹnìkan ṣoṣo: Guðlaugur Friðþórsson, ọmọ ọdún 22. Omi yẹn kò gbóná ju ìwọ̀n 5 tàbí 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti pa èèyàn. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ló fi lúwẹ̀ẹ́, ó ń bá àwọn ẹyẹ òkun tó ń fò lókè orí rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí oorun má bàa gbé e lọ.

Ìgbà tó kọ́kọ́ dé etí òkun, òkè gàgàrà ló bá, kò sí ibi tó lè gbà gùn ún. Ó ní láti padà sínú òkun! Ibòmíràn ló ti wá gúnlẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta òkè oníná tó mú bí abẹ. Ó rí ọpọ́n ìwẹ̀ kan tí wọ́n fi ń fún àgùntàn lómi, omi inú rẹ̀ ti dì. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ fọ́ yìnyín náà, ó mu. Ó tún rìn títí ó fi kan ilẹ̀kùn ilé kan láàárín ìlú.

Nígbà tí àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rá ara rẹ̀ ló ṣe wọ́n ní kàyéfì. Ó ki ju ti ọmọ èèyàn lásán lọ, ó sún mọ́ ti ẹranko inú òkun.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú bí Baltasar ṣe ṣe é ni pé kò fi ọkùnrin yẹn ṣe akọni. Ólafur Darri náà ló lò. Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù jẹ́ ọtí, sìgá, àwàdà àwọn apẹja lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa wọkọ̀. Lẹ́yìn òkun, kò parí síbẹ̀: ó ń tẹ̀lé e lọ sọ́dọ̀ ìyá àwọn tó kú, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bọ̀, tí kò mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi.

Ẹ rántí Harrison Okene tiwa, alásè inú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé ní etíkun Delta lóṣù Karùn-ún ọdún 2013? Nǹkan bíi wákàtí 60 ló lò lábẹ́ omi nínú afẹ́fẹ́ kékeré tó ṣẹ́ kù sínú ọkọ̀. Nígbà tí mo wo The Deep, òun ni mo ń rò.

Mọ́rẹ́nikẹ́

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun gan-an sà. Mo ti kà á tán, ara mi ń gbọ̀n. Mò ń lọ wá a.

Kámẹ́rà_Ìbàdàn

Bàbá, ẹ fi ti bí wọ́n ṣe yà á kún un. Òkun gidi ni wọ́n kó òṣèré wọ̀, kì í ṣe adágún omi inú sítúdíò. Ẹ ó rí i lójú Ólafur Darri: ètè rẹ̀ ń gbọ̀n lọ́nà tí kò sí olùkọ́ eré tó lè kọ́ni.

Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé ẹ má fọwọ́ rọ́ Everest sẹ́yìn. Ìwà kan náà ló gbé lọ síbẹ̀. Ìjàǹbá oṣù Karùn-ún ọdún 1996 ni ìtàn yẹn, níbi tí èèyàn mẹ́jọ ti kú lórí òkè náà. Ó kó àwọn òṣèré lọ sí Nepal, ó tún kó wọn lọ sórí òkè Alps ní Ítálì nínú òtútù gidi, kó tó ya èyí tó kù ní sítúdíò. Òun ni wọ́n fi ṣí àjọ̀dún fíìmù Venice lọ́dún 2015. Adrift náà, ọdún 2018, obìnrin kan tí ìjì fi sílẹ̀ lójú agbami fún ọjọ́ 41, ìtàn tòótọ́ tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1983. Òkun, òkè, ìjì. Ẹni tó dàgbà sí ibi tí ojú ọjọ́ ti ń pa èèyàn ló lè ya ojú ọjọ́ báyẹn. Hollywood rí i lára rẹ̀ ni wọ́n ṣe pè é.

Adékẹ́mi_Peckham

Kámẹ́rà, mo gbà fún ọ lórí òtútù. Ṣùgbọ́n ohun kan dùn mí nínú Everest. Àwọn Sherpa, ọmọ ilẹ̀ Nepal tó ru ẹrù, tó na okùn, tó mọ òkè yẹn látìgbà èwe wọn, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n dúró sí. A mọ ìyàwó àwọn òyìnbó tó wà lórí òkè, a gbọ́ ohùn wọn lórí tẹlifóònù. Ta la mọ̀ nínú ìyàwó àwọn Sherpa? Olùdarí tó ṣe The Deep, tó fún gbogbo apẹja ní ìyá àti ilé, kò yẹ kó gbàgbé ìyẹn.

Àjàní_Sinimá

Adékẹ́mi, òótọ́ pọ́ńbélé. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń rí ìyàtọ̀ tí Kámẹ́rà ní kò sí. Nílé, òun ló ni àṣẹ lórí ìtàn, ó sì mọ ilé gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ìyá Sùnkànmí

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ dé. Ẹ̀yin kò dárúkọ Jar City? Mýrin ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ọdún 2006 ló jáde, láti inú ìwé Arnaldur Indriðason. Ó gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ ní àjọ̀dún fíìmù Karlovy Vary ní ilẹ̀ Czech lọ́dún 2007.

Ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Erlendur ń wádìí ikú bàbá àgbà kan, ọ̀rọ̀ náà sì fà á dé ìdí àìsàn tó ń ti ara òbí lọ sára ọmọ. Lákòókò yẹn, Iceland gan-an ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí: ọdún 1998 ni wọ́n ṣe òfin láti kó ìtàn ìlera gbogbo ará ìlú jọ sójú kan fún ìwádìí àjogúnbá. Ìlú tí kò tó 400,000 èèyàn, tí gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára tan! Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí àṣírí inú fáìlì lè ṣe fún ìdílé. Fíìmù yẹn kò sọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan nípa rẹ̀; bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ tó ń kú ló fi hàn wá.

Ibì kan wà tí Erlendur ra orí àgùntàn láti ojú fèrèsé, láìsọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó gbé e délé, ó jókòó nìkan sídìí tábìlì, ó yọ ojú àgùntàn náà, ó sì jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì. Àwọn òyìnbó tó ń wò ó pariwo. Èmi kò rí nǹkan ìpariwo níbẹ̀, a kúkú ń jẹ orí ewúrẹ́. Ọkùnrin tí kò ní ẹni tí yóò bá a jẹun ni mo rí.

Mọ́rẹ́nikẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, Katla ńkọ́? Òun nìkan ni mo wò ṣáájú ọjọ́ òní yàtọ̀ sí Contraband. Àkúdàáyà ni wọ́n fi ṣe e! Òkè oníná Katla ti ń yọ eérú fún ọdún kan, ìlú Vík ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dahoro, làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ yìnyín òkè náà, ìhòòhò, eérú dúdú bò wọ́n látorí dé àtàǹpàkò. Ìyàlẹ́nu mi ni pé àwọn mìíràn nínú wọn kò kú rí rárá. Obìnrin kan jáde láti inú eérú, ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Òun náà sì wà láàyè níbòmíràn, ó ti dàgbà. Àkúdàáyà tiwa kì í bá ara rẹ̀ pàdé. Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àjàní_Sinimá

Mọ́rẹ́nikẹ́, ìbéèrè rẹ bọ́ sí i, torí Katla ló fi ìdí ọ̀rọ̀ mi múlẹ̀. Apá mẹ́jọ, Netflix, ọdún 2021, òun àti Sigurjón Kjartansson ló dá a sílẹ̀. Àárín ìgbà kòrónà ni wọ́n yà á. Nígbà tí gbogbo ayé ti ilẹ̀kùn, tí Hollywood fúnra rẹ̀ dákẹ́, Iceland wà lára ibi díẹ̀ tí kámẹ́rà Netflix ti ń ṣiṣẹ́. Baltasar pín òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, ó so ọ̀já aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹgbẹ́ kan kì í rìn wọ àárín èkejì, wọ́n sì ń yẹ gbogbo wọn wò.

Kí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe? Ó ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, RVK Studios. Ní Gufunes, lẹ́bàá Reykjavík, ó sọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ajílẹ̀ nígbà kan rí di sítúdíò ńlá. Ìjọba wọn náà ń ṣe ipa tirẹ̀: ẹni tó bá wá ya fíìmù níbẹ̀, wọ́n á dá ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ná padà fún un, wọ́n sì sọ ọ́ di 35 fún iṣẹ́ ńlá lọ́dún 2022. Ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó nìkan, yíya ilẹ̀ wọn ló ń mú àlejò wá ṣe: kí wọ́n ya òkè, kí wọ́n ya yìnyín, kí wọ́n máa lọ. Ilé tó ní òrùlé, tí kápẹ́ńtà, oníná àti aránṣọ ti ń rí iṣẹ́ ṣe lọ́dọọdún, ìyẹn ló ń mú kí iṣẹ́ dúró sí ìlú. King & Conqueror tí BBC gbé jáde lọ́dún 2025, ìtàn ogun 1066 tí Gẹ̀ẹ́sì jà, Iceland ni wọ́n ti yà á; Baltasar ló darí apá àkọ́kọ́. Wọ́n gbé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì wá bá a nílé!

Kámẹ́rà_Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí ni ẹ ti mú mi. Ọ̀rọ̀ oníná àti kápẹ́ńtà yẹn, èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ yìí mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Olùdarí tó dára pọ̀ láyé. Ẹni tó kọ́ ibi tí ẹlòmíràn ti lè ṣiṣẹ́ kò pọ̀. Síbẹ̀ mi ò jọ̀wọ́ Beast fún yín. Ọdún 2022, Idris Elba, kìnnìún, South Africa. Ìtàn rẹ̀ kéré, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ wo kámẹ́rà Philippe Rousselot: ó ń tẹ̀lé wọn gba inú igbó fún ìgbà pípẹ́ láìgé e, a ò mọ ibi tí kìnnìún yóò ti yọ. Kò sí kìnnìún gidi kankan níbẹ̀ o. Ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bani.

Bàbá Ìbejì

Mo wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ. Wọ́n gbádùn rẹ̀.

Adékẹ́mi_Peckham

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ Touch, ọdún 2024. Kò sí òkè, kò sí ìjì, kò sí ìbọn. Kristófer, bàbá àgbà tó ń gbé ní Iceland, rí i pé iyè òun ti ń ra. Oṣù Kẹta ọdún 2020 ni, kòrónà ti ń ti ilé ìtura àti pápákọ̀ òfuurufú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti ilé oúnjẹ rẹ̀ pa, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí London láti wá Miko, ọmọbìnrin ará Japan tó fẹ́ lọ́dún 1969, nígbà tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tó lọ ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ bàbá ọmọbìnrin náà. Lọ́jọ́ kan ló dé ibẹ̀, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, bàbá àti ọmọ ti lọ láìdágbére. Ohun tó lé wọn wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Hiroshima, n kò ní bà á jẹ́ fún ẹni tí kò tíì wò ó.

Egill Ólafsson ló ṣe bàbá àgbà. Pálmi Kormákur, ọmọ bíbí Baltasar, ló ṣe ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Mo ti ń bẹ̀rù pé bóyá torí ó jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló ṣe fún un nípò. Rárá o. Ibi tí ọmọ yẹn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì, tí ọ̀gá rẹ̀ ń wo ọwọ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, sùúrù rẹ̀ jọ sùúrù ẹni tó ti pinnu pé òun kò ní kúrò nílé yẹn. Fíìmù náà wọ àwọn 15 tí Oscar ṣà jọ fún fíìmù ilẹ̀ òkèèrè, bí The Deep ṣe wọ àwọn mẹ́sàn-án nígbà tirẹ̀. Méjèèjì kò kọjá ibẹ̀. Ó dùn mí fún Touch ju ti The Deep lọ, torí mi ò rí fíìmù ìfẹ́ tó fọwọ́ kan àgbàlagbà báyẹn lọ́dún yẹn.

Ìyá Sùnkànmí

Adékẹ́mi, mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ lo sọ.

Mọ́rẹ́nikẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo ti rí The Deep, ọjọ́ Ẹtì ni màá wò ó. Lẹ́yìn rẹ̀, Jar City ni àbí Trapped?

Àjàní_Sinimá

Jar City. Wákàtí kan ààbọ̀ péré ni, o sì máa mọ ilẹ̀ wọn kó o tó wọ inú yìnyín Trapped. Tó o bá wò ó tán, padà wá kọ èrò rẹ síbí. Màá fẹ́ gbọ́ ohun tó o rí nínú ilé Erlendur àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, torí kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ kan ọmọ yẹn nínú gbogbo wa.